Èékánná Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Èékánná ẹsẹ̀ òsì mi ni ìyàwó mi ń gé láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀. Ó jókòó sórí àpótí ní bákónì ilé wa ní Marcory, nílùú Abidjan, ó tẹ́ táwẹ̀lì lé itan, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé e, ó ń fi àlùmọ́gàjí kékeré gé èékánná náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti òsì ni ọkọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fọn fèrè nísàlẹ̀. Ó dìde, ó gbọn táwẹ̀lì náà.

Ó ní, "Mùsíò, ẹ sọ fún ọ̀tún kó ṣe sùúrù. Tí mo bá dé."

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mùsíò làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí, òun náà sì mú un lò nílé. Nígbà tó bá wá láti ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìyàwó mi ló ń kọ́ àwọn ará ìlú ní eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ nílé kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́. Ọ̀lẹ náà sì ni mí. Ó rọrùn kí n na ẹsẹ̀ sí i ju kí n ṣe ohun tó ń sọ lọ.

Inú ọjà Treichville ló dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ. Ó máa ń sọ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ rí bí àwọn obìnrin ṣe ń fọwọ́ di ìbàdí mú kí wọ́n tó lè dìde nídìí ọjà wọn. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdárayá kan ní Zone 4. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wọn kò wá. Àwọn obìnrin ti múra tán, wọ́n ń kùn. Ó fi bíírò sílẹ̀, ó bọ́ síwájú wọn. Kò padà sídìí tábìlì yẹn mọ́. Lẹ́yìn tó gba ìwé ẹ̀rí, àwọn ará tẹlifíṣọ̀n mú un, wọ́n ní kó máa dúró sẹ́yìn olùkọ́ kan bí àpẹẹrẹ. Kò pẹ́ tí olùkọ́ náà fi kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n ní kí ìyàwó mi bọ́ síwájú níbẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Àlàájì, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Adjamé, ló kọ́kọ́ bínú. Ó wá bá wa, kò mu omi.

"Ọmọ bàbá wa ni yóò máa fò sókè sódò lójú gbogbo ayé? Kí ni kí n wí tí wọ́n bá bi mí nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Wọ́n jọ sọ ọ́ títí. Wọ́n fẹnu kò sí ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù tó gùn dé orúnkún, àti ìborí. Ìyàwó mi pa àdéhùn yẹn mọ́ títí dé òpin. Àlàájì ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má retí pé òun yóò wò ó.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ètò ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Aṣọ márùn-ún, àwọ̀ márùn-ún, kí àwọn tó ń wò ó lè rò pé òní ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń lọ aṣọ wọ̀nyẹn, tí mo ń tò wọ́n sínú báàgì, ti ọjọ́ Ajé lókè, ti ọjọ́ Ẹtì nísàlẹ̀. Ipa tèmi nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Funfun ni ti ọjọ́ Ẹtì. Orí àga ló ti máa ń ṣe ìyẹn, fún àwọn àgbàlagbà. Bó ṣe ń kà yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Kì í kà lọ sókè. Ó máa ń ní, "Encore cinq, encore quatre," ìyẹn ó ku márùn-ún, ó ku mẹ́rin, títí tí yóò fi ku ọ̀kan. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ pé iye ń dínkù mọ̀ pé ìsinmi ń bọ̀, kò ní sá.

Lọ́jọ́ náà ó gba márààrún. Wọ́n ní ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó tún jókòó sórí àga tó ti ń kọ́ni, ó ní orí òun wúwo. Wọ́n ń pe ìrun Alásàrí nígbà tí wọ́n pè mí. Mo wà nínú takisí lórí afárá nígbà tí wọ́n tún pè. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la sin ín.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹun lẹ́yìn mi.

"Gbogbo fífò yẹn, kí ló wá já sí?"

Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Èmi náà ti ń bi ara mi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Nígbà tí àwọn èèyàn túká tán, ọmọbìnrin tó ń darí ètò tẹlifíṣọ̀n náà wá pẹ̀lú ìwé kan. Tonton ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbí.

"Tonton, márùn-ún tó gbà kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Tí ẹ bá buwọ́ lùwé, a ó gbé e jáde. Tí ẹ ò bá buwọ́ lù ú títí oṣù yóò fi parí, wọ́n á pa á rẹ́."

Àlàájì ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Rárá. Òkú kì í fò. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo fi ìwé náà sábẹ́ rédíò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Gbogbo ohun tó kù nípa rẹ̀ ti kọjá, àfi márùn-ún yẹn nìkan tó ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mi ò lágbára àtibá àna mi jiyàn lórí ara àbúrò rẹ̀. Mo jókòó. Oṣù ń lọ.

Èékánná ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń gùn. Ó ń kọ́ ìbọ̀sẹ̀, nígbà tó yá ó ń gún ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn kan ní Siporex, wá kí mi, ó rí bí mo ṣe ń rìn. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, Faransé ló fi ń dáhùn.

"Papa, donne le pied." Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ wá.

"Fi sílẹ̀. Bàtà ló há."

Mo fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ìyá rẹ̀ ti ní kí ọ̀tún ṣe sùúrù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo lọ sí ọjà Treichville láti ra aṣọ funfun tí a ó fi ṣe sàárà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan, ẹ̀yà Júlà, tó ti bá ìyá ìyàwó mi ṣọ̀rẹ́ ni mo lọ. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi pé kò mọ̀ pé à ń sọ "ẹ" fún àgbà. Tẹlifíṣọ̀n kékeré wà lókè àwọn aṣọ rẹ̀. Ó bá mi kẹ́dùn, ó ṣàdúà lédè Júlà pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Bàtà ni, Ìyá."

"Bàtà? Èékánná ni. Tonton, gbogbo ọjà yìí mọ ẹsẹ̀ rẹ."

Mo fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn.

"Ṣé o ò mọ̀? Ó ń sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ó ní ọkùnrin kan wà nílé òun, ọwọ́ rẹ̀ wà ní Abidjan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní Bouaké lọ́nà jíjìn, wọn kì í ríra. A rẹ́rìn-ín títí. Ìwọ ò wò ó rí?"

Mi ò wò ó rí délẹ̀. Iléèwé ni mo máa ń wà ní àkókò yẹn, nígbà tí mo sì fẹ̀yìn tì, mo ń sọ pé mo ń gbọ́ ọ láti yàrá.

Ó ń ká aṣọ náà. "Ó kọjá níbí lọ́sẹ̀ tó kú. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n tí ọwọ́ rẹ á fi kan ẹsẹ̀ rẹ, pé òun ń lọ fi í hàn ní Ẹtì tó ń bọ̀. Láti ìgbà yẹn là ń retí. Ọjọ́ wo ló máa jáde?"

Mo sanwó fún un. Mo gba aṣọ náà, mo lọ.

Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí oṣù parí nígbà tí Àlàájì wá wò mí. Àga tó rẹlẹ̀ jù nínú pálọ̀ ló jókòó sí. A jọ jẹun. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó sún síwájú àga, ó fa gìgísẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó mí sínú. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo gbọ́ ọ.

"Encore trois. Encore deux. Encore un." Ó dìde.

Mo ní, "Àlàájì, ta ló kọ́ yín ní ìdìde yẹn?"

Ó tún jókòó.

"Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tan ẹ̀rọ náà."

"Láràárọ̀?"

"Ọmọ ìyá mi ni, Tíṣà." Ó fi fìlà nu ojú. Ó ní, "Ìwé yẹn dà?"

Mo fà á yọ lábẹ́ rédíò.

"Kí wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó ti lọ, kí ẹni tó bá wò ó lè ṣàdúà fún un. Kí wọ́n má sì fi orin sí i. Ẹ buwọ́ lù ú kí n tó yí ọkàn padà."

Mo buwọ́ lù ú níṣojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, òòró ni mo wà tí mo fi wò ó. Aṣọ tí mo lọ ni gbogbo wọn. Mo rí ibi tí mo ti jó apá ẹ̀wù aláwọ̀ ewé díẹ̀, tó ká apá náà sókè kó má hàn, láìsọ fún mi. Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé àga síwájú ẹ̀rọ, mo jókòó.

Ó wọ funfun. Ó ní ti òní, ti ọkọ òun ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ara bá ti le lè bá a ṣe é. Ó ní àṣìṣe ọkọ òun ni pé ó ń wá ẹsẹ̀ lọ. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ wá bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún gun itan òsì, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí jáde. Ó ní tí kò bá dé lónìí, kí a gbé e sílẹ̀ láìbínú.

Tèmi ò dé. Agbede méjì ojúgun ló mọ. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọmọ wa ti gbà á sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ń ṣe é láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Sùbúù. Mi ò ní purọ́ pé ó ń fún mi láyọ̀. Ara ń ro mí, ilé dákẹ́, nígbà mìíràn mo máa ń dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀ nítorí pé mi ò lè gbọ́ ohùn náà mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní oṣù kan kí ọrùn ẹsẹ̀ mi tó gun itan, tó sì dúró síbẹ̀.

Mo gbé àga lọ sí bákónì, mo tẹ́ táwẹ̀lì, mo mú àlùmọ́gàjí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ó le bí ìwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé e kó tó já. Mi ò gé wọn gún. Níbi èyí tó kéré jù, mo sinmi, mo gé e. Mo gbọn táwẹ̀lì náà.

Ti òsì tí ìyàwó mi gé náà ti gùn. Mo fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.