Kò Sáyè Ìkúnlẹ̀ Nínú Bàálù

Ẹnu ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí ń pè ní Ìyá Páílọ́ọ̀tì. Ó ń bó iṣu tí yóò sá fún ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ yáa lọ wo ọmọ yín nínú yàrá iṣu. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Ògiri wo?"

"Èyí tí a kó iṣu tì. Á bi í ní nǹkan, á tún dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí àwọn oníbàárà mi bá gbọ́, mo gbé. Wọ́n á ní ọwọ́ wèrè ti kan ẹ̀lùbọ́ mi."

Kí n tó sọ ohun tí mo bá nínú yàrá náà, jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, bàálù ló sì ń wà. Kì í ṣe ọ̀gá tó ń jókòó lápá òsì. Igbákejì tó ń jókòó lápá ọ̀tún ni. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tí bàálù gúnlẹ̀ tí kò lè gbéra mọ́, ilé-iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n máa lọ sílé ná, pé àwọn á pè wọ́n. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sílé. A rò pé kò ní pẹ́. Iṣu tí a gbìn lójú rẹ̀ ta, a wà á, a tún gbin òmíràn, wọn ò pè é.

Kò káwọ́ lérí. Ó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, ó ń bá ìyá rẹ̀ kó ẹ̀lùbọ́ lọ sọ́jà Ago-Àmọ̀dú. Díẹ̀díẹ̀, ó padà di ọmọ ilé pátápátá. Á kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, á kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Bí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀, á tún kúnlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ní kí n..." Kí ó tó débi ọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ti dìde lọ.

Kì í ṣe òun nìkan. Àwa àbúrò gan-an kì í bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn. Lọ́dún kan, ó ṣíwájú wa nínú oko, ó ń kọ ebè. Ilà rẹ̀ wọ́ lọ bí ipa ejò. Gbogbo wa rí i. Gbogbo wa sì kọ ebè tiwa tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ̀lẹ̀ dé, òjò dé, oko wíwọ́ la jẹun nínú rẹ̀ lọ́dún náà.

Nígbà tó yá, ìpè dé láti ilé-iṣẹ́. A yọ̀. Àṣé ìpè nìkan kọ́ ni ìjókòó. Kí wọ́n tó dá ọmọ náà padà sórí àga rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ní Èkó, nínú yàrá kan tí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́ bí iwájú bàálù, tó ń mì, tó ń ké, tí kò sì kúrò nílẹ̀. Bí ó bá yege, àga rẹ̀ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀.

Ìyẹn ló gbé e dé yàrá iṣu. Mo bá a lórí àpótí, ó lẹ àwòrán iwájú bàálù mọ́ ògiri, ó ń fọwọ́ kan ibi kan, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ kan ibòmíràn.

"Bàbá kékeré, ẹ káàbọ̀. Ẹ má dá ìyá mi lóhùn. Ọwọ́ mi ni mò ń rán létí. Ọkọ́ ló ti ń dì mú láti ọjọ́ yìí, ó ti fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀."

"Ta wá lò ń bi ní ìbéèrè?"

"Méjì la máa ń jẹ́, sà. Ẹnì kan á pe nǹkan, ẹnì kejì á fọwọ́ kàn án, á dáhùn. Bí àlọ́ ni."

"Àlọ́? Èmi tí mò ń pa àlọ́ kí wọ́n tó bí ọ? Sún fún mi níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di apàlọ́ fún bàálù. Mo ń pè, ó ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń yá sí i. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Èkó, kò sẹ́ni tó rò pé ó lè kùnà nínú wa.

Kò pẹ́ tó fi padà. Bàbá rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ àti èmi jókòó tì í. Ibẹ̀ ló ti là á fún wa.

"Gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni mo ṣe dáadáa. Ẹnu ló kùnà. Ọ̀gá àgbà tó ń dán mi wò jókòó lápá òsì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bàálù sọ̀ kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo rí i. Ohun tó yẹ ni kí n sọ fún un. Bí kò bá dáhùn, kí n tún un sọ. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, kí n gba bàálù lọ́wọ́ rẹ̀."

"O ò wá sọ ọ́ ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo sọ ọ́, Ìyá mi. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, bóyá ẹ lè bá wa wo...' Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀ fi pàdé wa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́," ó ní, "àmọ́ ìkúnlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ilé yìí ni mo ti gbé e lọ. Ọ̀gá náà ní òun mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, n kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n á dán mi wò lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Bí mo bá tún kùnà, ó parí."

Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Bàbá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo sọ ọ́." Ó dìde, ó wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó iṣu, ó ń fọn fèrè. "Ìwọ ọmọ, bọ́ sápá ọ̀tún. Èmi ni ọ̀gá." Ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ, bọ́ sẹ́yìn. Ìwọ ni èrò."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n máa ń fún èrò bàálù ní ìpápánu."

"Iṣu tútù wà lẹ́yìn níbẹ̀. Rún un jẹ."

Bí a ti wọ ọ̀nà oko, ẹ̀gbọ́n mi yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọjú ọkọ̀ sí oko ara rẹ̀. "Bàbá," ọmọ náà ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ wo..." Gbàù! Táyà ti gun ebè.

"Ebè tó kú yìí," bàbá rẹ̀ ní, "'ẹ jọ̀ọ́' rẹ ló pa á. A ó tún un ṣe."

A tún un ṣe. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tí oko wọn jọ pààlà dúró tì wá, ó ń wò.

"Bàbá Páílọ́ọ̀tì, ṣé ìwọ náà ti ń mu ẹmu ni?"

"Èmi tí mo ti dé Mẹ́kà? Bàálù là ń wà."

"Tiyín mà sún mọ́lẹ̀ jù o!"

Ọmọ náà ń gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú sí i lójoojúmọ́, títí ó fi ku, "Bàbá, a ti yà." Á sọ ọ́, á tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kò lọ. Á nà án dé ibi ìtọ́kọ̀, á yára fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ọwọ́ tí kò gbàgbé ohunkóhun lára ògiri, kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò sì ti sún mọ́lé.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. A ń bọ̀ wálé, iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi náà jókòó láàárín iṣu. Eruku pọ̀, oòrùn tó ń wọ̀ sì kọjú sí wa gan-an. Afárá kékeré kan wà lọ́nà náà tí àgbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ. Ńṣe la máa ń yà fún un gba inú oko. Ẹ̀gbọ́n mi kò yà.

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà. "Bàbá, afárá."

Kò dáhùn. Mo rò pé eré ti ojoojúmọ́ ni, mo di iṣu mú.

"Bàbá, afárá ti já."

Ọkọ̀ ń lọ.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ó ti dọwọ́ mi."

Mo rí apá rẹ̀ tó kọjá síwájú bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ yí bìrí, ó fò sínú pòròpórò ọkà bàbà, ó gbọ̀n, ó kú. Iṣu ńlá kan bá mi ní ojúgun.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé etí afárá, ó wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Tòní kì í ṣe eré," ó ní. "Mi ò rí i rárá."

Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku. "Bàbá, ẹ kú ewu. Ẹ má bínú sí ohùn tí mo fi bá yín sọ̀rọ̀."

"Kí lo wá ń kúnlẹ̀ fún báyìí?"

"Ọkọ̀ ti dúró, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Wà wá délé." Òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sápá ọ̀tún.

Ní alẹ́, nídìí oúnjẹ, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọmọ rẹ pàṣẹ fún mi lónìí."

"Yéè! Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo gbọ́ràn."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọmọ náà lọ sí Èkó. Nígbà tí fóònù dún, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Bàbá, ọ̀gá náà tún jẹ́ kí bàálù sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ, mo tún un sọ, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá gba aṣọ iṣẹ́ mi."

"Alhamdulilahi. O ò kúnlẹ̀ fún un?"

"Nígbà tí a jáde tán, Bàbá."

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Àwa náà padà sóko, òjò rọ̀, a tún ń kọ ebè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú. A ò tíì jìnnà tí mo rí i pé ilà rẹ̀ ti ń wọ́. Àwọn àbúrò mi rí i. Wọ́n wojú mi, wọ́n tẹjú mọ́ ọkọ́ wọn. Mo na ẹ̀yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ilà ti wọ́."

Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ilà náà títí. Ó padà, ó tú ebè tó wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí ńkọ́, àgbà wo lò ń kọ ebè wíwọ́ tẹ̀ lé lẹ́yìn?