Túnjúṣe àti Àwòrán Kọkànlélógún

Bí o bá wọ ilé fọ́tò tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn náà pẹ̀lú rorẹ́ mẹ́rìnlá lójú, ojú tó ń dán bọ̀rọ́ lo máa gbé jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni. Obìnrin kan tó ń jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, tó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ló ń pa àwọn rorẹ́ náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Túnjúṣe ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn yẹn dókè, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Àǹtí, ẹ bá mi tún ojú ṣe díẹ̀ o." Díẹ̀ kẹ̀? Mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ní díẹ̀ lòun fẹ́, odindi ojú tuntun ló ń wá.

Ọ̀gá tó ni ilé fọ́tò náà ti wà nídìí iṣẹ́ yìí látìgbà tí wọ́n ti ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Kò kọ òfin kankan mọ́ ògiri. Ẹyọ kan ló máa ń fẹnu sọ: àbùkù oníbàárà kò gbọdọ̀ bá oníbàárà délé. Wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní àpá bóyá ó fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́ àbí kò fẹ́. Wọ́n á kàn pa á rẹ́ ni. Ọ̀gá á ní, "A kì í ti ojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Àwa níbí, a máa ń fún un ní ìkẹwàá ni." Ọdún mọ́kànlá ni Túnjúṣe ti ń fún àwọn èèyàn ní ìkẹwàá. Ìṣẹ́jú méje ni ojú kan ń gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí kọ̀ǹpútà lọkàn rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọnà ló kà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, inú yàrá ẹ̀yìn nílé màmá rẹ̀ ló máa ń wà, láàárín àwọn àpò àjákù aṣọ, tí á máa ya ojú àwọn èèyàn. Télọ̀ ni màmá yìí, àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé. Nígbà tí Túnjúṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun máa padà lọ kàwé gboyè kejì nínú àwòrán yíyà, bí òun ò bá sì lọ lọ́dún yìí, òun ò ní lọ mọ́ láé. Ó yan yunifásítì mẹ́ta.

Ẹ wá wo wàhálà! Àwòrán ogún ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú lẹ́tà olùkọ́ méjì tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì, ó fèsì pé, "Ìwọ èwo nínú wọn?" Wọ́n tún ní kó kọ ojú ìwé kan lórí ìdí tó fi ń yàwòrán. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ti ìbéèrè yẹn. Ní ìgbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ mọ ohun tí ojú ń sọ nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò burú, ó sì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dúró de èsì rí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Lágogo mẹ́jọ àárọ̀, Túnjúṣe ti wo ímeèlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ohun tó tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé ó fẹ́ mọ irú èèyàn tí àwọn tó ń wo iṣẹ́ òun jẹ́. Ṣé wọ́n máa ń jẹun bí wọ́n ṣe ń wò ó ni? Àwòrán kan, ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé wọ́n máa ń jà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú wọn láti inú orí ara rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé tí wọ́n ń fi fọ́tò sí: ọkùnrin abirùngbọ̀n kan tó ń yán, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ sí imú. Màmá rẹ̀ ní tiwọn ti sọ ọ́ di ìkíni. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn wọlé, kí wọ́n tó ní káàbọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ti fèsì?"

Èyí àkọ́kọ́ fèsì: rárá, ní ìlà mẹ́rin. Ó ka ìlà mẹ́rin náà nígbà méje, bóyá nǹkan mìíràn á yọjú níbẹ̀. Èkejì ò tiẹ̀ fèsì rárá, títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kẹta ló ní kó jókòó síwájú fóònù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ yunifásítì náà méjì ló yọjú lórí fóònù. Èyí ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Èyí obìnrin ti dàgbà, irun rẹ̀ ti funfun, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà sókè.

"Ta lobìnrin yìí?"

"Màámi ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, mà."

Olùkọ́ obìnrin náà tún wo àwòrán náà dáadáa. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin," ó ní. "Ṣé kò wá sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn rí ni?"

Olùkọ́ náà kò bá a fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ dáa, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àwọn rí nígbà ogún. Ó ní àyè kan ṣoṣo ló kù, Túnjúṣe àti ẹnì kan mìíràn ni wọ́n jọ ń dù ú. "Ya ẹnì kan tí o mọ̀ dáadáa. Yà á bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ẹ."

Bó ṣe pa fóònù, ó kó ogún àwòrán náà kalẹ̀ sílẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, ó dúró lé wọn lórí. Gbogbo ojú náà ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó. Ọ̀gá rẹ̀ tí kókó kan wà níwájú orí rẹ̀, èyí tó tó ẹyin ẹyẹlé, kókó ti pòórá! Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ti rí àwòrán yẹn, ó sì ní, "Èmi gan-an nìyí." Kò mọ ìgbà tó ṣe é. Kò jókòó pinnu pé òun á pa nǹkan kan rẹ́. Ọwọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mọ́kànlá ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Màmá rẹ̀ ní àpá lójú. Kì í ṣe àpá kékeré. Lọ́jọ́ kejì, níbi iṣẹ́, ó mú pẹ́ńsù láti yà á sórí bébà kan, ó fa ojú, ó fa imú, ó dé ibi àpá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni? Ó fi sí òsì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá fọ́tò wọn nínú kọ̀ǹpútà, ó rí méje. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ méjèèje mọ́ tónítóní. Kò sí ẹ̀rí kankan nínú ilé fọ́tò yẹn pé nǹkan kan fara kan ojú màmá yẹn rí.

Nígbà tó délé, ó ṣe bí ẹni tó ń wá sísọ́ọ̀sì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó yọjú wo màmá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Apá ọ̀tún ni. Ó fẹ̀ nídìí etí, ó wá tín-ín-rín lọ sí ìkángun ẹnu. Háà! Ọmọ tó gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ojú tì mí bá a.

Ọjọ́ méjì ló fi ń yí ọ̀rọ̀ náà ká kó tó lè bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ kí ẹ jókòó fún mi, kí n yà yín."

"Ṣé ìdúró lo bá mi ni? Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó."

"Bí ẹ ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ yà yín, màámi."

Ẹsẹ̀ màmá dúró lórí ẹ̀rọ. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe níbẹ̀ yẹn ná?"

"Wọ́n ní bí mi ò bá lè ya èèyàn bó ṣe wà, àwọn ò ní gbà mí."

"Bí o bá wá yà mí, ṣé wọ́n á gbà ọ́?"

"Mi ò mọ̀, màámi. Wọ́n lè má gbà mí náà."

Màmá gé òwú tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kó gbé àga sẹ́bàá fèrèsé, ṣùgbọ́n àárọ̀ nìkan làwọn máa lè jókòó, aṣọ àwọn aláṣọ wà nílẹ̀.

Àárọ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó. Túnjúṣe tó rò pé àwọ̀ kan ni àpá ní, ó rí i pé márùn-ún ni. Ibì kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ibì kan dúdú ju ara lọ, ibì kan sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ìdí etí hun jọ díẹ̀ nígbàkigbà tí màmá bá rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń fẹ́ mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè ohun tí kò béèrè rí láyé rẹ̀.

"Màámi, kí ló ṣe yín níbẹ̀?"

"Áyọ́ọ̀nù," ni màmá fèsì, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí ìbéèrè náà láti ogún ọdún. "Áyọ́ọ̀nù eléèédú ìgbà yẹn. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mò ń fẹ́ iná sí i lẹ́nu, ni ọkùnrin kan bá pè mí láti ojú títì. Ó rẹwà! Mo yíjú láti wò ó, mo bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin."

"Ṣé bàbá mi ni?"

"Bàbá rẹ kọ́ o! Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó fẹ́ béèrè ọ̀nà ilé ọmọbìnrin mìíràn ni."

Ẹ̀rín gba Túnjúṣe débi pé ó ní láti gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Màmá náà rín, àga ń mì.

Nígbà tí àwòrán parí, màmá ní àwọn ò wò ó, àwọn mọ ojú ara àwọn. Túnjúṣe fi fóònù ya àwòrán náà, ó fi ránṣẹ́, ìdúró tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò ya ojú àwọn olùkọ́ mọ́. Ojú àwọn ará ọ̀nà ló ń wò, eyín tó kán, ìpéǹpéjú tó wọ́. Nílé fọ́tò, ọkùnrin kan wá tí àpá la bèbè ojú rẹ̀ já. Túnjúṣe yọrí sí i láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpá yìí, ṣé kí n pa á rẹ́ àbí kí n fi sílẹ̀?"

"Pa á rẹ́ kẹ̀? Ìyàwó mi á béèrè fọ́tò ta ni mo gbé wálé!"

Ọ̀gá pòṣé níbi tó wà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tó fi àwòrán náà ránṣẹ́ ni èsì dé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí kì í lọ síbi iṣẹ́. Màmá ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Túnjúṣe ṣí i. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó figbe ta. Wọ́n ti gbà á! Màmá sọ abẹ́rẹ́ nù, wọ́n ń jó lórí ìjókòó, wọ́n ń pe gbogbo oríkì tí wọ́n mọ̀ fún ọmọ wọn. Túnjúṣe bá kíkà lọ.

"Kí ló kù níbẹ̀? Ojú rẹ yí padà."

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé àwòrán yín kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọdún kan, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé lè máa rí i." Ó sáré fi kún un pé, "Bí ẹ ò bá fẹ́, màá ní rárá, màámi. Wọn ò ní torí ẹ̀ gba àyè mi."

"Gbé e wá."

Ó gbé àwòrán náà jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó gbé e ti ẹsẹ̀ tábìlì. Màmá wò ó, wọ́n wò ó títí. Wọ́n na ìka sí i, wọn ò fara kàn án.

"Ọdún mọ́kànlá lo fi ń gbé fọ́tò mi wálé fún mi," wọ́n ní. "Màá gbé e kọ́, màá máa wo obìnrin tó wà níbẹ̀, màá ní mo mọ̀, ojú mi yìí ló ń ti ọmọ mi lójú."

Túnjúṣe ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ ni, ọwọ́ mi ló ti..." Ẹkún ò jẹ́ kó lè parí ẹ̀.

"Mo ti mọ̀ báyìí. Dìde." Wọ́n fi etí ìró nu ojú fún un, lẹ́yìn náà wọ́n nu tiwọn. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí o, kì í ṣe ìyá ẹnì kankan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú ẹ̀ kó rò pé ẹlòmíràn ni."