Ọjọ́ tí Gbogbo Gbọ̀ngàn Gbọ́ Baba Ahunṣọ

Ariwo tó jáde lẹ́nu sípíkà mi lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìlú ní Ìsẹ́yìn tí kò fi ọwọ́ bo etí. Máìkì mẹ́jọ ni mo tò sórí tábìlì àwọn àgbà, mo sì ṣí gbogbo wọn sílẹ̀ gbayawu, torí mo rò pé bí máìkì tó ṣí bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe já gaara tó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra míkísà ìgbàlódé tó ń po ohùn pọ̀ nígbà náà ni, òun ni mo sì fi ń yangàn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Kò sẹ́ni tí n kò fi àwọn iná rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú hàn. Ká sòótọ́, iná rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kó ìlú jọ. Àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé ìtajà sórí pápá tí àwọn ahunṣọ òkè ti ń na òwú òfì sílẹ̀ láti ayébáyé, àwọn ahunṣọ sì bẹ ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn pé kó bá àwọn sọ̀rọ̀. Baba yìí ló kọ́ bàbá mi níṣẹ́ òfì. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pariwo tẹ́lẹ̀. Bó ṣe la ẹnu sí máìkì níbi tó jókòó sí láàárín àwọn àgbà báyìí ni sípíkà han gooro. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, sípíkà tún han. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kígbe pé, "A ò gbọ́ o!" Nígbà tó sú alága ìpàdé, ó sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní bí àwọn ahunṣọ kò bá rí ọ̀rọ̀ kan pàtó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn yóò gbé ilẹ̀ fún àwọn onílé ìtajà. Baba ò bá mi wí. Ó kàn mú fìlà rẹ̀, ó ń lọ. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo gbà kó ẹ̀rọ mi lọ sílé.

Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo gbé ìgbéraga jù sílẹ̀, mo lọ bá ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá fi bọ́tìnnì kan hàn mí tí n kò tẹ̀ rí. Ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ yóò máa fúnra rẹ̀ pín agbára ohùn láàárín àwọn máìkì: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò gba ìpín tó pọ̀ jù, ti àwọn tó dákẹ́ yóò lọ sílẹ̀, ariwo ò sì ní rọ́nà wọlé. Mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ sínú yàrá, mo ní kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn sí máìkì níkọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún gbọ́, mo sì sùn fọnfọn.

Ọjọ́ pé. Baba kí ìlú, ohùn rẹ̀ já gaara, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo wo iná ẹ̀rọ, mo rí i pé àwọn máìkì méje yòókù ń tàn. Àwọn àgbà ni! Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó bí odi. Bó bá sọ gbólóhùn kan, wọn á ní "hẹn", wọn á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Gbogbo "hẹn" tí wọ́n ń ṣe ló ń já nínú ìpín baba. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, torí ta ni yóò máa ṣe "hẹn" fún ìwé ìròyìn?

Mo yọ́ lọ bá alága. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má dáhùn mọ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí wọ́n má dáhùn? Ṣé ògiri ni baba wá bá sọ̀rọ̀ ni? Lọ tún nǹkan ẹ ṣe, jàre."

Mo sáré padà. Mo wá rántí ohun mìíràn tí ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fi hàn mí: lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná máìkì kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé ti ta ni kó wúwo jù. Ọgbọọgba ni mo fi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí. Mo gbé ti baba sókè, mo sì rẹ méje tó kù sílẹ̀.

"Ilé ìtajà lè gòkè," ni baba ń wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. "Bó bá wù yín, ẹ kọ́ ọ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Òwú òfì kì í gòkè. Ilẹ̀ ló ń nà sí. Bí ẹ bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, ṣé ojú ọ̀run lẹ fẹ́ ká na òwú sí ni?"

"Hẹn!" ni àwọn àgbà wí, jẹ́jẹ́, lábẹ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Èmi fò sókè níbi tí mo wà, díẹ̀ ló kù kí n fa wáyà yọ. Kí ìpàdé tó túká, wọ́n ti fẹnu kò pé pápá di ti ahunṣọ, kí ilé ìtajà lọ gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí baba ń kọjá lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Wọ́n gbọ́ mi dé ẹ̀yìn," ó ní.

Mo ti gbé ẹ̀rọ mi lọ sí gbọ̀ngàn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sì ti yìn mí níbi púpọ̀. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ti ọjọ́ yẹn. Baba ti lọ, ṣùgbọ́n òwú ṣì nà gbalaja lórí pápá náà láràárọ̀. Bí mo bá ń kọjá, màá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, màá fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká, kí n má baà tẹ̀ ẹ́.