Ẹni Tí Kò Gbé Igi Wá

Inú Tuda kì í pẹ́ bí. Ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí òun bí i, òjò dídì ti dí ilẹ̀kùn pa, ojú fèrèsé ni agbẹ̀bí gbà wọlé; ó ní láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń bá òtútù jà, tí kò sì tíì dákẹ́. Àwọn ará Tizi, ìlú wọn lórí òkè Atlas, a máa sọ pé bí Tuda bá ti ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sáà gbé ìkòkò tíì síwájú ẹnu rẹ̀, yóò hó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló lọ kọ́ ní Meknès, ó sì padà wálé lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ sí ìlú tó móoru. Ọkọ tó fẹ́ ẹ ní kí àwọn kó lọ sí Casablanca. Tuda ní òun kò lọ. Ọkọ lọ, kò padà. Tuda ní ẹni tí òtútù bá lè lé, kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó sì kọjú sí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi rẹ̀.

Àwọn yẹn kò mọ ìbínú rẹ̀. Orin ni wọ́n mọ̀. Nígbà òtútù, kò sí ọmọ tó ń wọ yàrá Tuda lọ́wọ́ òfo. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, yóò máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Igi tìẹ dà?" Ọmọ á na igi tó mú ti ilé wá sí i, èyí tó ki pọ́pọ́, èyí tó tín-ín-rín bí ìka, gbogbo rẹ̀ á sì wọnú ààrò irin tó wà láàárín yàrá. Ẹni tí kò bá mú igi wá, ijó ni yóò fi dípò: yóò jó yí ààrò po, àwọn tó kù á máa pàtẹ́wọ́ fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá yáná. Kì í ṣe ìyà rárá. Àwọn kan nínú wọn a tilẹ̀ máa fi igi wọn pamọ́ sẹ́yìn ògiri nítorí kí wọ́n lè jó.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á dìde. Wọ́n á máa fọwọ́ gbá òjò dídì kúrò lórí òrùlé bí bàbá wọn ti ń ṣe. Wọ́n á máa yọ́ rìn lórí yìnyín bí ìyá àgbà tó ń lọ pọnmi. Wọ́n á pe ewúrẹ́ wálé, wọ́n á sì bú sórin, wọ́n á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀:

Òtútù, ta ló pè ọ́?
Èmi kọ́, èmi kọ́!
Ọwọ́ mi dà? Òun rèé!
Ẹsẹ̀ mi dà? Gbọ́ ọ!
Gbì, gbì, gbì!

"Bí ìka yín kò bá gbọ́ tiyín mọ́," Tuda máa ń wí fún wọn, "ẹ má sunkún, ẹ má dúró gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀, kí ẹ wá ààrò lọ."

Itto ló ń ronú kàn bó bá ń sọ bẹ́ẹ̀. Itto ló kéré jù nínú wọn, àyà rẹ̀ kò sì lágbára. Bí òtútù bá ti mú un, èémí rẹ̀ á máa dún bíi súfèé. Ní ọdún tó kọjá, orí ìbaaka ni wọ́n gbé e lé dé ilé ìwòsàn, Tuda sì ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ibi tó súnmọ́ ààrò jù lọ, ti Itto ni.

Ọdún yìí ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun dé láti etí òkun, Lálà Siham; "Lálà" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin níbẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́, ṣùgbọ́n inú fọ́tò ló ti ń wo ayé. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú ńlá, tó máa ń ṣàánú ilé ẹ̀kọ́, fẹ́ wá wo Ayẹyẹ Ìgbà Òtútù, àwọn gan-an ló sì fi gbogbo nǹkan rẹ̀ ránṣẹ́: orin inú ẹ̀rọ, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ìyẹ́, òwú tí wọn yóò fọ́n ká bí òjò dídì, àti igi tí wọ́n fi pákó gé tí wọ́n kùn ní ọ̀dà. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ léfòó jẹ́jẹ́ bí òjò dídì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò rìn bí ẹyẹ òkun kan tí kò lè fò.

Tuda wo òwú náà títí. "Lálà Siham, òjò dídì tó wà níta dé orúnkún. Kí la fẹ́ fi òwú ṣe?"

"Èyí tó wà níta ti dọ̀tí, Tuda. Ìbaaka ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó mọ́ ni àlejò ń fẹ́."

"Ẹyẹ yìí ńkọ́? Ta ló rí i rí ní Tizi?"

"Ó máa ń dùn ún wò nínú fídíò." Lálà Siham nawọ́ sí ààrò. "Èyí náà yóò kúrò níbí. Páìpù rẹ̀ dúdú, èéfín rẹ̀ á ba aṣọ jẹ́. Àti igi tí wọ́n ń kó wá láràárọ̀ yẹn, ó ń sọ wá di tálákà lójú èèyàn."

"Ṣé òtútù ló wá fẹ́ sọ wá di olówó?"

"Bí o kò bá lè ṣe é, wí. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ rẹ pọ̀ níta."

Ojú Tuda pọ́n kankan. Ó bá Bàbá Haddu, tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́, lẹ́nu ọ̀nà, ó tú gbogbo rẹ̀ dà sí i létí. Bàbá Haddu mi orí. "Ọmọ mi, sùúrù ni baba ìwà."

"Baba ìwà kò ní ẹ̀dọ̀fóró, Bàbá Haddu. Itto ló ní in!"

Síbẹ̀, ó gbé ìbínú náà mì. Òun nìkan ló ń bọ́ ìyá rẹ̀, bí wọ́n bá sì lé e, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ yìí? Ó kọ́ wọn ní ijó òwú. Zayd, ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dá ijó dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, "Lálà Tuda, ṣé bí òjò dídì ṣe ń ṣe nìyí? Tiwa máa ń gbá ilẹ̀kùn ni." Tuda yíjú sí ògiri. Ìbínú ni, ẹ̀rín kọ́.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, wọ́n gbé ààrò síta, wọ́n gbé e lé orí òjò dídì láàárín àgbàlá, wọ́n sì fi aṣọ oníràwọ̀ dí ihò páìpù lára ògiri. Àlejò dé pẹ̀lú kóòtù wọn tó nípọn. Kò sẹ́ni tó bọ́ kóòtù nínú wọn, kò sẹ́ni tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, kò dún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ bọ́ tiwọn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù sábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí," Tuda bẹ Lálà Siham lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Yóò hàn."

"Òtútù náà yóò hàn!"

Orin ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ na apá, wọ́n ń léfòó. Àlejò obìnrin kan ń wí pé, "Ẹ wò wọ́n, ẹ wò wọ́n!" kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé wọn kiri. Tuda kò wo ẹlòmíràn àfi Itto. Ètè ọmọ náà ti ń yí dà. Súfèé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láyà rẹ̀. Tuda gbẹ́sẹ̀, Lálà Siham sì di apá rẹ̀ mú.

"Ó kù díẹ̀. Ó kù ti ẹyẹ nìkan."

Itto dúró láàárín ijó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó jan án mọ́lẹ̀. Gbì!

"Òtútù, ta ló pè ọ́?"

Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ kékeré lọ, ṣùgbọ́n Zayd gbọ́ ọ. "Èmi kọ́, èmi kọ́!" Gbogbo wọn gbà á. Wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀ títí a kò fi gbọ́ orin ẹ̀rọ mọ́, òwú ń fò kiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wá yíjú sáàárín yàrá, síbi tí a ti kọ́ wọn pé kí wọ́n wá ìgbóná lọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ó wà níta!" ni Zayd ké.

Wọ́n tú jáde. Ẹ̀fúùfù fẹ́, gbogbo ayé sì rí fùrọ̀ adìẹ: àwọn ọmọ kéékèèké nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n yí ààrò tó ti kú ká lórí òjò dídì, wọ́n ń kọrin sí i kó lè jí.

Tuda já apá rẹ̀ gbà. "Bàbá Haddu, ẹ̀wù wọn! Kíá!" Ó fi ìborùn ara rẹ̀ wé Itto. Ó padà wọlé, ó gbé igi pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹn, ó dá a sí méjì lórí orúnkún, ó kó òwú lé e, ó ki gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ààrò, ó sì ṣáná sí i. Iná sọ.

"Tuda! O ń sun òjò dídì àwọn àlejò!"

"Ẹ má bínú, Lálà. Òmíràn wà lórí òrùlé." Ó tẹrí sẹ́nu ààrò, ó fẹ́ iná náà. "Ẹ gbé ààrò àwọn ọmọ síta kí òtútù lè dára lójú yín. Ẹ̀yin wọ kóòtù láti wo ọmọ tó wà níhòòhò! Ẹ lé mi bó bá wù yín. Ẹ óò kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ yìí mí ná."

Atẹ́gùn òkè ń fẹ́, bàtà Lálà Siham sì fẹ́lẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni òun àti àwọn àlejò fi súnmọ́ tòsí, wọ́n na ọwọ́ wọn lórí ààrò.

Súfèé àyà Itto ti ń rọlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ ọ̀gá.

"Lálà Siham, igi tiyín dà?"

Lálà Siham wo Tuda, pé kó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Tuda yíjú sí iná.

"Ẹ má dààmú," Itto wí fún un, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà. "Ẹni tí kò bá gbé igi wá, ó máa ń jó ni."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúró dè é.