Ríìlì Bàbá Atukọ̀

Bí Àǹtí Onímaṣíìnì bá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, kì í jókòó. Ó mọ̀ pé bí ìdí òun bá fi lè kan àga pẹ́nrẹ́n, dídìde di ogun. Bó ṣe ń wọlé ló ń lọ tààrà sí yàrá bàbá rẹ̀. Á gbé e jókòó, á pààrọ̀ aṣọ fún un, á bu omi fún un mu, lẹ́yìn náà á lọ gbé ìkòkò kaná. Maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ro ó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, òun àti bàbá nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá méjì náà.

Bàbá Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yìí. Ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá omi ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, á mú ọ̀pá ìpẹja, ó di etí òkun. Orí èbúté níbẹ̀ náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kì í mọ́lẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì di àwátì lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ béèrè ife, ó lè pe bàtà. Bó bá rí i pé wọn ò gbọ́ òun, á kàn yíjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Àǹtí ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ kan nǹkan kan tí wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé. Ríìlì bàbá ni, ẹ̀rọ róbótó tí wọ́n ń dè mọ́ ọ̀pá ìpẹja láti fi ká okùn wọlé. Ríìlì náà ju Àǹtí fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ara bàbá ṣì le, kì í ti òkun dé kó má kọ́kọ́ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ kó tó bu omi sí ara tirẹ̀, torí iyọ̀ òkun ò mọ ojú irin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù, ta ló ráyè ríìlì? Ẹnì kan kàn wé e tiyọ̀tiyọ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá rí i, ojú rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó fẹ́ yí i. Kò yí. Ó dá a pa dà fún ọmọ rẹ̀.

"Ṣe é," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí."

"Ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí ọkùnrin, tó ń gbé nílùú mìíràn, pè lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí sì ròyìn ríìlì fún un. "Kí lẹ tún fẹ́ fi pàǹtí ìyẹn ṣe? Ra tuntun fún wọn jàre."

"Ẹ rà á wá, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbí o," ni bọ̀ọ̀dá wí, ó sì pa fóònù.

Àǹtí gbé ríìlì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà kan bá lọ tí òmíràn ò tíì dé, á fà á jáde. Àwọn síkúrúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gan pa. Ó da kẹrosíìnì sí wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, síbẹ̀ orí ọ̀kan kán sí i lọ́wọ́, ó sì ní láti lu ú jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣí i tán, idẹ inú rẹ̀ ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí búrẹ́dì tó bu. Ó rẹ ẹ́ sínú fínígà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ha á. Awọ pẹlẹbẹ inú rẹ̀, èyí tó ń ki okùn wọ̀ kí ẹja ńlá má baà fà á já, ti jẹrà. Ó gé òmíràn lára báàgì rẹ̀ tó ti gbó. Ó fi gírísì pa eyín irin rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tò ó pa dà.

Ó gbé e délé, bàbá yí i, ó ń yí wọ́ọ́rọ́. Bàbá dẹ etí sí i, ojú rẹ̀ sì le.

"Ahọ́n," ló wí.

"Ẹnu ń dùn yín?" Àǹtí tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, kò rí nǹkan kan. Ó bu omi wá. Bàbá ti ife dà nù.

"Ahọ́n! Ahọ́n!"

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ni Àǹtí pariwo. "Ṣé kí n yọ tèmi fún yín ni?"

Ojú ti Àǹtí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Bàbá fi ọwọ́ òsì lé e lórí, ó fi í síbẹ̀ títí tí ẹkún fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ríìlì, ó fi èékánná kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ké, "Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ."

Ìgbà yẹn ló tó yé Àǹtí. Irin tín-ń-tín kan tó rí bí ahọ́n máa ń wà nínú ríìlì tí í máa lu eyín bí okùn bá ń lọ, kí apẹja lè mọ̀ pé ẹja ti gbé ìjẹ. Ó ti rí i, ó rò pé èépá ìdógùn-ún ni, ó sì jù ú nù. Lọ́jọ́ kejì ó fi fáìlì gbẹ́ òmíràn lára irin maṣíìnì tó ti bàjẹ́, ó kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí bàbá fa okùn tí ríìlì sì ké kẹ-kẹ-kẹ, ó rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rántí ìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Wọ́n wọ takisí lọ sí èbúté lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Àdéhùn wọn ni pé kí ọmọ di ọ̀pá mú, kí bàbá fi ọwọ́ òsì ká okùn. Wọ́n jókòó ti ara wọn, atẹ́gùn ń fẹ́. Kí Àǹtí tó mọ nǹkan kan, oorun ti gbé e lọ. Nígbà tó lajú, oòrùn ti ń wọ̀, ọ̀pá ti wà láàárín ẹsẹ̀ bàbá, ìwọ̀ ṣófo.

"Háà, Bàbá! Ẹja jẹ ìjẹ lọ, ẹ ò jí mi?"

Bàbá wá ọ̀rọ̀ títí lẹ́nu. "O... sùn," ló wí.

Láti ìgbà náà wọ́n ń lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á rí ẹja mú bọ̀, nígbà mìíràn wọn ò ní rí. Bọ̀ọ̀dá wá lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀pá mú, ó ya fọ́tò, ó yìn wọ́n gan-an, kò sì wá mọ́. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ò dín, ẹ̀yìn tó ń dun Àǹtí ò sàn. Bí wọ́n bá ti òkun dé, òun ló ń gbé bàbá wọlé, òun ló tún ń fọ iyọ̀ kúrò lára ríìlì, tó ń nù ún gbẹ, tó ń kán epo sí i, tí á máa ṣe é tí á máa tòògbé. Bàbá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì di ríìlì mú fún un kó má baà yọ̀ bọ́.