Yanrìn Inú Epo Màmá Àgbà

Níbi iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ kan ń yí epo rọ̀bì bí ìjì títí yanrìn á fi já sísàlẹ̀. Òórùn epo gbígbóná yẹn máa ń gbé mi padà sí Tafo, ìlú tí mo gbé ní kékeré, sí ọ̀sán ààwẹ̀ tí mo da epo pupa Màmá Àgbà sílẹ̀.

“Kafra, pẹ̀lẹ́, má sunkún mọ́,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbọ́n epo náà tòun tiyanrìn sínú ìkòkò, wọ́n gbé e kaná, wọ́n ń rò ó yípo, wọ́n sì rọra da ojú rẹ̀ fún wa.

Nígbà tá a ń fi ẹ̀wà ṣínu, yanrìn ń dún léyín wọn.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ,” ni Màmá Àgbà wí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n bù fún ara wọn. Lọ́jọ́ náà, mo yọ́ lọ bu yanrìn sínú ẹ̀wà mi, kó lè dùn bíi tiwọn.