Omi Tí Mo Gbé Gun Òkè

Ẹnu Ọ̀wá ni wọ́n bí mi sí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Títí mo fi dàgbà, inú gààrí nìkan ni mo ti mọ ẹ̀gẹ́. Àmọ́ dókítà ti sọ ọ́ fún ọkọ mi lójúkojú pé bí kò bá kúrò nínú èéfín, àyà rẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló yí fèrèsé wa ká. Ikọ́ kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. Bí a ṣe gbéra nìyẹn, a lọ wo ilẹ̀ láàárín àwọn òkè Èkìtì, bóyá a lè máa fọwọ́ ara wa gbin ohun tí a óò jẹ.

Mi ò ní purọ́, àléébù ni mo ń wá kiri. Ọ̀nà rí pálapàla, ilé ìwòsàn jìnnà, nẹ́tíwọ́kì ń lọ ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá tó ni ilẹ̀ mú wa yí oko wọn ká, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Iṣu ń bẹ lókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, ewúrẹ́ wà nínú ọgbà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rà lọ́jà.

"Iyọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n ronú díẹ̀. "Àti ìṣáná."

Háà! Èmi tó jẹ́ pé omi gan-an, rírà ni!

Omi yẹn náà ni mo fi ṣàṣìṣe. Kànga ilé wa níyọ̀, ọwọ́ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlańké la ti ń ra omi mímu. Àlejò tó mọ̀wà hù, tó fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa, omi ni yóò kọ́kọ́ rà wọlé kó má baà ni onílé lára. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni mo gbé láti Èkó, tìyanga-tìyanga ni mo sì fi ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ nílé màmá tí a fẹ́ sùn sí. Ojú màmá yí padà.

"Ṣé ẹ rò pé mo máa fi nǹkan sómi fún yín ni? Ẹ máa lọ, tẹ̀yin tomi yín. Mi ò ta ilẹ̀ fún ẹni tó ń fura sí mi."

Yéè! Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbé omi wọlé onílé, ẹ̀rù onílé ló ń bà á. Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé omi oníyọ̀. Wọn ò gbọ́. Àfìgbà tí ikọ́ gbé ọkọ mi, tó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú. Màmá wò ó. Wọ́n bu omi tó ń sun láti inú àpáta wá, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Ìgbà wo ló ti ń ṣe é?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta, mà."

"Fi í sílẹ̀ síbí, kí ìwọ lọ kó ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ fi ìgbà òjò kan dáko ná. Bó bá bá yín lára mu, a óò sọ̀rọ̀ owó."

A ò tíì fira wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí a ti fẹ́ra. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Èkó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń ra okùn tí màá fi di ẹrù ní òpópónà Adéníji Adélé nígbà tí fóònù dún. Ọkọ mi ni. Ó ní òun gun òkè dé téńté láàárọ̀ yẹn, òun rí oko wa látòkè, ó ń ròyìn lọ ràì, kò dánu dúró. Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ikọ́ ńkọ́?"

"Ikọ́ wo?"

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì oníṣòwò tí mi ò mọ̀ rí, mo sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò.